Òkè Là Ń Sá Sí

Bàbá àgbà kò lè jókòó wo fíìmù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí láti ìgbà tí wọ́n ti lọ ni àwọn èèyàn ti ń wá kí wa, tí wọ́n ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé ara wọn balẹ̀, pé wọn kì í kánjú. Ta ni wọ́n ń sọ? Ó dáa kéèyàn sọ̀rọ̀ ire nípa òkú, ṣùgbọ́n Bàbá Ganíyù tí èmi mọ̀, ìdí wọn kì í mú àga gbóná. Bí wọ́n bá ń jẹun, wọ́n á dìde lọ wo ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ń fárí, onígbàjámọ̀ á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òun gé wọn létí. Orí ìrun nìkan ni wọ́n ti máa ń dúró sójú kan, bí wọ́n bá sì ti sálámà tán, ẹsẹ̀ wọn ti wà nínú bàtà.

Ganíyù ni bàbá mi. Èmi ni Ràfíátù, ọmọ tí Bàbá àgbà fọwọ́ ara wọn tọ́ ní Ṣakí nígbà tí àwọn òbí mi ń ṣòwò l'Ágége. Àjíkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Bí inú bá ń bí wọn náà, Àjíkẹ́ ni, àfi pé ohùn á le. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni mo ti jogún ẹsẹ̀ tí kì í dúró. Mo gbà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti dìde débi ilẹ̀kùn, mo ti padà, mi ò sì mọ ohun tí mo lọ wò.

Iṣu ni wọ́n ń gbìn, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ sóko lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun dé, wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí bàbá mi rà fún wọn pẹ̀lú sólà, àwọn àgbà àdúgbò á sì gbé àga wọn dé. Irú fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́: èyí tí ilé gogoro bá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ta fíìmù lọ́jà ti mọ̀ wọ́n. Bó bá ti rí wọn lókèèrè, á ti máa pariwo pé, "Bàbá, tilé gogoro ti dé o! Èyí ga ju ti ọjọ́sí lọ!" Wọn kì í bèèrè ẹni tó ṣe é tàbí ohun tó dá lé lórí. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé, "Ṣé wọ́n máa wó o?"

Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, kàlẹ́ńdà ni. Ògiri pálọ̀ wa kún fún kàlẹ́ńdà tí ọdún ti kọjá lórí wọn: Ilé Kòkó n'Ìbàdàn, àwọn ilé gíga etí omi l'Èkó, àti tàwọn òyìnbó tó ń dán bíi dígí. Ìyá àgbà, nígbà tí wọ́n wà láyé, fẹ́ fi wọ́n dáná. Wọ́n ní kí lèèyàn ń fi kàlẹ́ńdà tó ti kú ṣe lára ògiri. Bàbá àgbà gba kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún un kọ́ sórí ìṣó. "Ọdún ló kọjá," wọ́n ní. "Ilé ò kọjá."

Wọ́n wo fíìmù débi pé wọ́n mọ àṣà àwọn onífíìmù ju ẹni tó ń tà á lọ. Wọ́n ní bí wọ́n bá fẹ́ kó o mọ̀ pé ẹnì kan ti dé Ìbàdàn, Ilé Kòkó ni wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn ọ́. Bó bá jẹ́ Èkó, àwọn ilé etí omi ni. Bó bá sì jẹ́ ìlú òyìnbó, ilé gogoro ni wàá máa rí títí ọrùn á fi dùn ọ́, kó o tó rí èèyàn kan ṣoṣo. Ìyẹn ò dùn mọ́ wọn nínú rárá. Ní Ṣakí, ibi yòówù kó o dúró sí, òkè lo máa rí, kò sì sí onífíìmù tó ń fi í hàn. "Bí èèyàn bá wá dé Ṣakí nínú fíìmù," wọ́n á ní, "báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti dé?"

Ilé kan wà láàárín ìlú òyìnbó kan, tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí àwọn onífíìmù ò jẹ́ kó sinmi. Iná jó o nínú èyí, omi gbé e nínú ìyẹn, nínú òmíràn nǹkan kan já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó là á sí méjì. Bàbá àgbà gbà lọ́kàn pé ilé kan náà ni wọ́n ń wó tí wọ́n ń tún kọ́. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí, pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, pé ilé náà wà níbi tó wà, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọ́n ń káàánú. "Àwọn èèyàn yẹn lágídí," wọ́n ní. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wó o. Wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n tún ti kùn ún."

Àmọ́ ohun tó sọ wọ́n di Bàbá Ẹ-gòkè lẹ́nu àwọn ará àdúgbò nìyí. Nínú gbogbo fíìmù ilé gogoro, bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, ńṣe làwọn èèyàn á ya sórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n á máa sá bọ̀ nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá àgbà máa fò dìde. Wọ́n á dí gbogbo wa lójú, wọ́n á máa na ọ̀pá sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ gòkè! Ẹ gòkè, ẹ̀yin aláìgbọ́n wọ̀nyí! Ṣé ẹ fẹ́ lọ pàdé rẹ̀ ni?"

Ẹ má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, orí rẹ̀ làwọn bàbá ńlá wa sá sí nígbà ogun. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà ṣì jin kòtò sára àpáta lókè níbẹ̀. Bàbá àgbà mú mi gùn ún, wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó wà lókè á rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, á sì yí òkúta lù ú. Ẹni tó dúró sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rú. Ẹni tí wọ́n fi ìtàn yìí tọ́ dàgbà, báwo ló ṣe fẹ́ rí èèyàn tó wà lókè tán, tó tún ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá bọ̀ nílẹ̀, kí inú má bí i? "Bí ogun bá dé," wọ́n á ní, "òkè là ń sá sí."

Ọjọ́ tí wọ́n mú mi gun òkè yẹn náà ni wọ́n fi ọ̀nà kejì hàn mí, ọ̀nà tóóró kan tó gba ẹ̀yìn àpáta lọ sí odò. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣán an, bí bàbá tiwọn náà ti ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń gbà á mọ́, àfi ewúrẹ́. Oòrùn mú mi lọ́jọ́ náà, ara mi ti ń yún mi, mo bi wọ́n pé kí la wá ń ṣán an fún. Wọn ò tilẹ̀ gbé orí sókè lẹ́nu àdá. "Òkè tí kò lọ́nà ẹ̀yìn," wọ́n ní, "ibojì ni."

Ẹni tí kì í gbà fún wọn ni Bàbá Táíwò, télọ̀ tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe ni wọ́n. Bí Bàbá àgbà bá ti pariwo pé "Ẹ gòkè," Bàbá Táíwò á dáhùn látorí àga tiwọn pé, "Ta ló ń gòkè nígbà tí ilé ń jó? Ìsàlẹ̀ ni!" Ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún bẹ́yìn yọ. Bàbá àgbà bínú, wọ́n ní, "Kò jẹ́ yà mí lẹ́nu. Ṣebí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn baba tìrẹ." Háà! Bàbá Táíwò gbé àga wọn, wọ́n sọdá lọ sílé.

Ọ̀gbẹlẹ̀ odindi kan ni wọn ò fi kí ara wọn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Bàbá Táíwò ò ṣíwọ́ wíwá wo fíìmù. Bí Jímọ̀ bá ti dé, wọ́n á gbé àga wọn wá, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí Bàbá àgbà, wọ́n á wá máa fi mí ránṣẹ́ síra wọn. "Àjíkẹ́, sọ fún ẹni yẹn pé kó yé dí mi lójú." "Àjíkẹ́, sọ fún télọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta ló jókòó sí?" Ìgbà tí iṣu tuntun jáde, Bàbá àgbà gbé èyí tó tóbi jù nínú oko lọ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Táíwò, wọ́n sì padà wálé láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Táíwò yí àga wọn padà. "Iṣu náà dùn," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni."

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí Èkó, tí mo sọ pé ọ́fíìsì wa wà lájà kẹwàá ilé gogoro kan, Bàbá àgbà ò gbé e jẹ́ẹ́. Wọ́n rìn yí gbogbo àdúgbò ká. "Àjíkẹ́ mi ti dórí òkè o!" Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ọkàn wọn náà ò ti balẹ̀ mọ́. Fíìmù tí wọ́n ń wò tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹlòmíì ló wà nínú ilé yẹn. Ní báyìí, ọmọ tiwọn ni. Ojoojúmọ́ ni fóònù mi ń dún lọ́sàn-án, wọn kì í sì í kí mi kí wọ́n tó bèèrè. "Àjíkẹ́, ṣé ilé yẹn dúró?" Màá ní ó dúró. "Ó dáa," wọ́n á ní, fóònù á ti kú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pè, mi ò lè sọ pé ó dúró. Iná ti ṣẹ́ yọ nínú yàrá ẹ̀rọ kan nísàlẹ̀.

"Bàbá, iná! Èéfín ti ń gba orí àtẹ̀gùn bọ̀. Àwọn kan ń sọ̀kalẹ̀, àwọn kan ní ká gun òrùlé lọ. Mi ò mọ èyí tí màá ṣe!"

Mo dúró kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré. Bàbá àgbà dákẹ́. Èmi ò gbọ́ kí wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí ju ti èéfín lọ.

"Sọ̀kalẹ̀," wọ́n ní.

"Ẹ ní òkè là ń..."

"Àjíkẹ́! Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀! Fi omi rin ìborùn rẹ, fi bo imú. Má pa fóònù."

Mo sọ̀kalẹ̀. Ojú ń ta mí, ikọ́ ń gbé mi ṣánlẹ̀, àwọn èèyàn ń tì mí, ohùn wọn sì wà létí mi, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run bí ẹni tó ń bá A jà. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Nígbà tí mo dé títì, mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún, mo ní, "Bàbá, mo ti bọ́."

"Alihamudulilahi." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọ̀nà ẹ̀yìn ńkọ́? Ilé yẹn ò ní in?"

Mo ní àtẹ̀gùn kan wà lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kì í gbà á.

"Ìwọ náà ò gbà á rí?"

"Mi ò gbà á rí."

Fóònù ti kú.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́, ta ni mo bá lẹ́nu géètì? Bàbá àgbà ni, pẹ̀lú ọ̀pá àti ike omi àlùwàlá wọn. Wọ́n ti gbéra láti Ṣakí, wọ́n sùn sílé bàbá mi mọ́jú, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí. Mo mú wọn wọ lífítì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì di ojú. Lókè, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àga fún wọn, wọn ò wò ó. Ojú fèrèsé ni wọ́n lọ, wọ́n wo Èkó títí.

"Kò sí òkè kankan níbí."

"Kò sí, Bàbá."

"Abájọ," wọ́n ní. "Àwọn tí Ọlọ́run ò fún lókè ló ń kọ́ ọ." Wọ́n bá yíjú padà. "Ó yá, ọ̀nà ẹ̀yìn dà?"

Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ṣókùnkùn, ó kún fún páálí àti àga tó ti ṣẹ́. Bàbá àgbà ń fi ọ̀pá taari wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri, wọ́n ń kùn. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká padà. Wọn ò gbọ́. A sọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a bá ilẹ̀kùn irin. Bàbá àgbà tì í, kò ṣí. Ṣẹ́ènì ló wà lára rẹ̀, àti àgádágodo kan tó ti dípatà.

Ká ní èéfín ọjọ́ yẹn pọ̀ ju bó ṣe pọ̀ lọ lórí àtẹ̀gùn iwájú, ibẹ̀ ni gbogbo wa ì bá sá gbà. Bàbá àgbà fọwọ́ kan àgádágodo náà. Wọn ò pariwo. Wọ́n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, wọ́n nasẹ̀, wọ́n sì jókòó. Ìdí tí kì í mú àga gbóná wá jókòó sórí sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ wá, ó bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tó ń mójú tó ilé náà dé. Ó ní nítorí olè làwọn ṣe tì í.

"Ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè," ni Bàbá àgbà dá a lóhùn, "ẹ wá ti ọmọ mi mọ́ inú iná."

"Bàbá, ẹ máa lọ sílé, a máa wá nǹkan ṣe sí i."

"Ẹ wá a. Mo ń dúró."

"Kí ló tilẹ̀ kàn yín níbẹ̀, Bàbá?"

"O ò gbọ́ ọ rí pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́?"

Ọ̀gá tèmi náà ti wá dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo lọ gbé wọn wá. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Bí wọ́n bá lé ọ, wàá rí iṣẹ́ mìíràn," wọ́n ní. "Bí iná bá jó ọ, níbo ni mo ti fẹ́ rí Àjíkẹ́ mìíràn?"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wá kọ́kọ́rọ́, wọn ò rí i. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Bàbá àgbà ṣe àlùwàlá níbẹ̀, wọ́n kírun ọ̀sán níbẹ̀, wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá wò ó, inú sì ń bí wọn nígbà tí wọ́n rí ṣẹ́ènì. Ariwo ti fẹ́ sọ. Wọ́n sáré gbé ayùn irin dé, wọ́n fi rẹ́ àgádágodo náà. Ilẹ̀kùn ṣí, oòrùn wọlé. Bàbá àgbà dìde, wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n ṣàdúrà fún gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, títí kan ọ̀gá yẹn. Wọ́n sì ti àgádágodo bọ àpò. Wọn ò lé mi lẹ́nu iṣẹ́ o.

Bí wọ́n ṣe dé Ṣakí, ilé Bàbá Táíwò ni wọ́n yà sí. Wọ́n gbé àgádágodo náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Wò ó. Ohun tó ń mú kí wọ́n máa sá kiri nínú fíìmù nìyí. Wọ́n ti ẹ̀yìn mọ́ wọn." Bàbá Táíwò yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní ó dáa, ṣé ó ti wá gbà báyìí pé ìsàlẹ̀ ni? Bàbá àgbà gba àgádágodo wọn padà. "Mi ò gbà," wọ́n ní. Wọ́n lọ fi í kọ́ ìṣó láàárín àwọn kàlẹ́ńdà.

Ìgbà òjò ni wọ́n lọ. Wọ́n kírun Àsùbáà, wọ́n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga wọn. Ẹni tó kọjá kí wọn, wọn ò dáhùn. Ìyẹn nìkan ò tó láti mú un fura. Ohun tó jẹ́ kó fura ni pé ó lọ, ó bọ̀, ó ṣì bá wọn níjòókòó. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Àárò wọn ń sọ mí, kò sí bí mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ bò ó. Títí di òní, bó bá ti di ọ̀sán, mo máa ń wo fóònù.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mi ò tíì padà sí Èkó. Láàárọ̀, mo mú àdá wọn, mo lọ ṣán ọ̀nà ẹ̀yìn òkè títí ọwọ́ mi fi bó. Lẹ́yìn ìrun, mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró, ni mo bá gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà gbé àga wọn dé, wọ́n fi àyè Bàbá àgbà sílẹ̀. Mo ti fláàṣì tí fíìmù wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Tilé gogoro ni.

Kò pẹ́, iná sọ. Àwọn tó wà nínú fíìmù ya sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń sá bọ̀ nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dí wa lójú, a ń rí gbogbo rẹ̀ kedere. Èmi ò fẹ́ rí i kedere. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò wo ojú ẹnì kejì.

Àfi bí Bàbá Táíwò ṣe dìde. Wọ́n rọra rìn lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n dúró sí ojú ibi tí Bàbá àgbà máa ń dúró sí, wọ́n na ọ̀pá. "Ẹ gòkè," wọ́n ní. Wọ́n gbé ohùn sókè. "Ẹ gòkè! Ẹ gòkè, ẹ̀yin aláìgbọ́n wọ̀nyí!"

Lẹ́yìn náà, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n dúró, wọ́n ń retí ẹni tó máa jà wọ́n níyàn. Mo rí i pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ padà lọ jókòó. Ni mo bá la ẹnu.

"Bàbá Táíwò, ta ló ń gòkè nígbà tí ilé ń jó? Ìsàlẹ̀ ni."

Wọ́n wò mí. Omi ti kún ojú wọn.

"Jókòó jẹ́ẹ́, Àjíkẹ́," wọ́n ní. "Kí lo mọ̀? Bí ogun bá dé, òkè là ń sá sí."